Gìtá oníná àfọwọ́ṣe: ẹ béèrè, a dáhùn

Lẹ́tà tó ń dé lórí gìtá oníná tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i, igi àti ọ̀dà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dá lé. Ó yé wa; igi àti ọ̀dà ni ojú ń rí. Ṣùgbọ́n gìtá àfọwọ́ṣe tí kò ṣeé ta, lọ́pọ̀ ìgbà, orí rúlà ló ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí agolo ọ̀dà rárá. Ìdí nìyí tí a fi gbé ìbéèrè tó jẹ mọ́ ìwọ̀n síwájú, tí a sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ṣe ọrùn gìtá mi fúnra mi. Bí mo bá ta okùn láìtẹ̀ ẹ́, ohùn rẹ̀ tọ̀nà. Láti fírẹ́ẹ̀tì keje sókè ló ti ń yà, bó bá sì fi máa dé ìkejìlá, etí kò gbà á mọ́. Mo ti pààrọ̀ okùn, kò yí padà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Okùn kọ́ ló fà á. Ibi méjì ni àṣìṣe lè wà: ibi tí ẹ kan bíríìjì (irin tó di okùn mú lára gìtá) mọ́, tàbí ibi tí ẹ la ojú fírẹ́ẹ̀tì sí, ìyẹn ihò tóóró tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn ń wọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yẹ bíríìjì wò, torí òun ló rọrùn láti tún ṣe.

Ẹ fi rúlà irin wọn ọrùn náà láti etí nọ́ọ̀tì, ìyẹn egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn ń gbà kọjá kó tó dé orí gìtá, títí dé àárín fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. Iye tí ẹ bá rí gbọ́dọ̀ bá iye tó wà láti fírẹ́ẹ̀tì kejìlá dé sádù okùn tó tín-ín-rín jù dọ́gba; sádù ni irin kékeré orí bíríìjì tí okùn gbé ara lé. Bí gígùn okùn tí ẹ yàn, láti nọ́ọ̀tì dé sádù, bá jẹ́ mìlímítà 648, 324 ni apá ọ̀hún, 324 ni apá ìhín. Sádù okùn tó nípọn jù ní láti wà lẹ́yìn èyí pẹ̀lú nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 4. Bí a bá tẹ okùn mọ́ fírẹ́ẹ̀tì, ṣe là ń fà á le díẹ̀, ohùn rẹ̀ á sì gòkè ju bó ṣe yẹ lọ. Ara okùn tó nípọn ni èyí ti máa ń hàn jù, òun ló sì fà á tí àwọn sádù fi máa ń tò ní ìdagun. Bíríìjì tí ẹ kàn mọ́lẹ̀ tí sádù rẹ̀ kò wá ráyè sún sẹ́yìn mọ́ kò ní fún yín ní ohùn tó péye, bó ti wù kí ẹ yí i tó. Nítorí náà, kí ẹ tó lu ihò bíríìjì, ẹ sún sádù okùn tín-ín-rín síwájú dé ibi tó kù díẹ̀ kó parí sí, ẹ gbé e ka mìlímítà 648, kí àyè lè wà lẹ́yìn.

Bí bíríìjì bá wà ní ààyè rẹ̀, ojú fírẹ́ẹ̀tì ló kù. Ẹ mú gígùn okùn, ẹ pín in sí 17.817, èsì rẹ̀ ni ìwọ̀n láti nọ́ọ̀tì dé fírẹ́ẹ̀tì kìíní. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gígùn náà, ẹ tún pín èyí tó kù sí 17.817, òun ni àlàfo láti ìkíní sí ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe máa bá a lọ. Fún gígùn 648, fírẹ́ẹ̀tì kìíní wà ní 36.37, ìkejì ní 70.70, ìkẹta ní 103.10, ìkarùn-ún ní 162.55, ìkeje ní 215.51, ìkejìlá ní 324, ìkejìlélógún ní 466.16. Láti nọ́ọ̀tì ni a ti wọn gbogbo iye wọ̀nyí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á wọn fírẹ́ẹ̀tì kìíní, wọ́n á gbé ẹnu rúlà lé e, wọ́n á wọn ìkejì láti ibẹ̀, wọ́n á tún gbé rúlà. Bí ẹ bá fi 0.3 mìlímítà péré ṣì í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ sì yà sí ọ̀nà kan náà, ẹ ó ti fi mìlímítà 6 yà kí ẹ tó dé fírẹ́ẹ̀tì ogún. Bẹ́ẹ̀, mìlímítà kan ṣoṣo ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá ti tó ìdá kan nínú ogún àlàfo ohùn tó wà láàárín fírẹ́ẹ̀tì kan àti èkejì. Ní ìkejìlélógún, ó súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ fi téèpù lẹ rúlà irin gígùn kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ pákó ìka (pákó ojú ọrùn tí fírẹ́ẹ̀tì ń wọ̀), ẹ má sì gbé e kúrò títí ẹ ó fi sàmì sí gbogbo ojú fírẹ́ẹ̀tì. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ fi sàmì. Ìlà pẹ́ńsù nìkan lè nípọn tó ìdajì mìlímítà.

Ayùn tí ẹ máa fi la ojú náà gbọ́dọ̀ ṣe ihò tó tó nǹkan bíi 0.6 mìlímítà, bí ẹsẹ̀ fírẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà bá ṣe gbà. Bí ihò bá fẹ̀ jù, fírẹ́ẹ̀tì á máa yọ sókè. Bó bá há jù, fírẹ́ẹ̀tì tó lé ní ogún tó ń ti igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ á tẹ ọrùn sẹ́yìn.

Ní ti ọrùn tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, bí ojú fírẹ́ẹ̀tì bá ti yà, ẹ má ṣe wúlẹ̀ gbìyànjú láti fi gúlù àti ìyẹ̀fun igi dí i kí ẹ tún un là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ayùn á já sínú ihò àtijọ́ ni. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù aṣọ mú pákó ìka gbóná díẹ̀díẹ̀, ẹ ti ọ̀bẹ pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀, ẹ ṣí i kúrò, kí ẹ sì lẹ pákó ìka mìíràn.

Ìbéèrè: Ṣé dandan ni kí ara gìtá jẹ́ igi mahogany? Igi tí mo ní, mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó le díẹ̀, kò sì wúwo.

Ìdáhùn: Kì í ṣe dandan rárá. Ní nǹkan bí ọdún 1940, igi páìnì onígun mẹ́rin tó jẹ́ ínǹsì mẹ́rin sí mẹ́rin ni Les Paul, olórin gìtá ará Amẹ́ríkà, fi ṣe àárín gìtá tó sọ ní "Log", ó sì dún. Òòfà inú píkọ́ọ̀pù (ẹ̀rọ kékeré abẹ́ okùn tó ń sọ mímì okùn di iná), okùn irin ló ń gbọ́. Ti igi kéré sí ohun tí àwọn tó ń ta igi máa ń sọ.

Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí igi ti gbẹ. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kọ ìwúwo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí kò bá dínkù mọ́ ló ti gbẹ tó ibi tí ẹ wà. Igi tútù á súnkì lẹ́yìn tí ẹ bá ti kun ún tán, ọ̀dà á sì là. Ẹ jẹ́ kó nípọn tó mìlímítà 44 tàbí 45, kó má sì sí kókó igi níbi tí ọrùn máa wọ̀. Bí ẹ bá so pákó méjì pọ̀ láàárín, ẹ má ṣe fá a pẹlẹbẹ lọ́jọ́ kejì. Omi inú gúlù ti mú igi ẹ̀gbẹ́ ojú ìpàdé wú. Bí ẹ bá fá a nígbà tó wú, tó bá gbẹ tán, á jìn, ìlà gígùn kan á sì hàn lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ fún un lọ́sẹ̀ kan.

Ihò tí ọrùn ń wọ̀ máa ń jìn tó mìlímítà 16, ìdí ọrùn sì máa ń nípọn tó 25. Kó há débi pé bí ẹ bá gbé gìtá sókè láìtíì fi sùkúrù dè é, ọrùn kò ní bọ́.

Ìbéèrè: Ẹnìkan ní bí igi ọrùn bá le dáadáa, kò nílò irin nínú. Òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá. Okùn mẹ́fà tí ìnípọn wọn bẹ̀rẹ̀ láti 10 dé 46 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ínǹsì, tí ẹ fà dé ohùn tó yẹ lórí gígùn 648, ń fa ọrùn pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo kílò 47, lọ́sàn-án àti lóru. Igi á tẹ̀. Ẹ fi irin tó ṣeé yí sí i, kí ihò rẹ̀ sì gbà á gẹ́lẹ́. Irin tó bá ní àyè nínú ihò á máa dún. Ẹ má jẹ́ kí gúlù pákó ìka kán sórí rẹ̀, kò ní yí mọ́. Igi ọrùn fúnra rẹ̀, kí iṣan rẹ̀ gùn gbọọrọ láti ìdí dé orí. Ibi tí iṣan bá ti ya sẹ́gbẹ̀ẹ́, pàápàá níbi tí orí ti tẹ̀ sẹ́yìn, ibẹ̀ ló ti máa kán lọ́jọ́ tí gìtá bá ṣubú.

Ìbéèrè: Gìtá mi ń kùn gan-an nínú áńpù. Bí mo bá fọwọ́ kan okùn, ìkùn náà á dínkù. Ṣé wáyà kan ti já ni?

Ìdáhùn: Kò sí èyí tó já. Ara yín ló ń gba ariwo iná mànàmáná inú ilé, ó sì ń tan án sí wáyà inú gìtá. Nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn, ara yín ti dé áàtì. Ìyẹn fi hàn pé wáyà áàtì tó lọ sí bíríìjì dára. Ohun tí gìtá yín kò ní ni ààbò nínú ihò tí wáyà wà.

Ẹ ra téèpù bàbà tí gúlù ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbé iná. Ẹ fi bo inú ihò píkọ́ọ̀pù, inú ihò fọ́líọ̀mù (ohun tí a ń yí láti mú ohùn pọ̀ tàbí dínkù) àti ẹ̀yìn ìdérí, kí téèpù kọ̀ọ̀kan gun orí èkejì pẹ̀lú mìlímítà 5 ó kéré tán. Ẹ fi mítà wò ó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Kò yẹ kó ju óòmù kan lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ ẹ̀yìn fọ́líọ̀mù. Nígbà tí ẹ bá ń fi jáàkì (ẹnu tí kébù áńpù ń wọ̀) sí i, ẹ ṣọ́ra, torí ibẹ̀ ni wàhálà tó wọ́pọ̀ jù ti ń wá: gìtá á máa dún nígbà tí ìdérí wà ní ṣíṣí, ẹ ó dè é tán, kò ní dún mọ́. Irin jáàkì tó ń gbé ohùn ló ti kan téèpù bàbà nígbà tí ẹ fi kébù bọ̀ ọ́. Ẹ lẹ téèpù dúdú lé ojú ibẹ̀.

Àmì méjì mìíràn wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Bí ìkùn bá pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn, ẹ ti ṣi wáyà méjèèjì tó wà lẹ́nu jáàkì so. Bí kò bá yí padà rárá, wáyà bíríìjì kò kan irin. Ó lè jẹ́ pé orí ọ̀dà ni ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ihò tí wáyà yìí máa gbà láti abẹ́ bíríìjì dé ihò fọ́líọ̀mù, kí ẹ tó kun gìtá ni kí ẹ ti lù ú.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tó sì ṣẹ́ ku ìkùn díẹ̀, bí píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì kan (kọ́ìlì ni wáyà tí a yí yí òòfà ká) ṣe rí nìyẹn: 50 tàbí 60 hẹ́ẹ̀tì, bí iná ibi tí ẹ wà bá ṣe jẹ́. Píkọ́ọ̀pù oníkọ́ìlì méjì ló ń pa á, torí wọ́n yí kọ́ìlì àti òòfà rẹ̀ lódì síra, ariwo á fagi lé ara rẹ̀, ohùn okùn á sì para pọ̀. Fọ́líọ̀mù 500k (k ni kílò-óòmù) ni ẹ máa lò fún un, 250k fún oníkọ́ìlì kan. Kapásítọ̀ tóònù wọn máa ń jẹ́ 0.022 àti 0.047 máíkírófárádì ní ìtò-n-tẹ̀lé.

Ẹ̀yìn fọ́líọ̀mù kì í gba lẹ́ẹ̀dì bọ̀rọ̀. Ẹ fi sáńpépà họ ọ́ kó dán, kí áyọ́ọ̀nù sọ́dà yín tó wáàtì 40 ó kéré tán, ẹ kọ́kọ́ yọ́ lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ tó wá gbé wáyà lé e. Bí kò bá mú láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ gbé ọwọ́ kúrò kó tutù. Ooru á ba inú fọ́líọ̀mù jẹ́. Èròjà tí àwọn tó ń ṣe páìpù omi fi ń jó bàbà, ẹ má gbé e súnmọ́ gìtá, áásìdì rẹ̀ á jẹ wáyà.

Àti pé, ẹ jọ̀ọ́: ẹ má yọ ẹsẹ̀ áàtì kúrò lẹ́nu púlọ́ọ̀gì áńpù nítorí ìkùn. Okùn gìtá ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú irin ara áńpù. Bí iná bá kan irin yẹn, ọwọ́ yín àti maikirofóònù tó wà lẹ́nu yín ló máa gbà á kọjá.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi ọwọ́ yí píkọ́ọ̀pù?

Ìdáhùn: Ẹ lè yí i, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ti gìtá àkọ́kọ́. Wáyà bàbà tí wọ́n ń lò, nọ́ńbà 42, kò nípọn ju 0.063 mìlímítà lọ, á sì yí kọ́ìlì tó nǹkan bí ìgbà 8,000. Bó bá já ní àárín, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ bá yí i tán, mítà yẹ kó kà láti 5.5 sí 7 kílò-óòmù. Bí kò bá ka nǹkan kan, wáyà ti já nínú. Ẹ rì í sínú ìda tó yọ́ tí ìgbóná rẹ̀ wà ní nǹkan bí 65 ìwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì, nínú abọ́ tó dúró nínú omi gbígbóná, kì í ṣe lórí iná gangan. Láìsí ìda náà, wáyà á máa mì, gìtá á sì máa han goooro nígbà tí ẹ bá ṣí áńpù sókè.

Ìbéèrè: Mo wọ́n láíkà sí gìtá, ojú rẹ̀ funfun bí ìgbà tí kùrukùru bò ó. Nígbà tí mo tún un ṣe, kò funfun mọ́ ṣùgbọ́n kò jọ̀lọ̀, ó rí ṣákiṣàki. Ẹ ràn mí lọ́wọ́.

Ìdáhùn: Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Funfun yẹn, ọ̀rinrin ni. Bí tíínà, ìyẹn omi tí a fi la láíkà, bá ń fò lọ, ó ń mú ojú láíkà tutù, omi inú afẹ́fẹ́ á sì dì mọ́ ọn. Ẹ má wọ́n láíkà ní ọjọ́ òjò tàbí nígbà tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ju 70 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tó ti funfun kò ní kí ẹ họ ọ́ kúrò: ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ẹ fi tíínà tí kì í tètè gbẹ wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́, á yọ́ láíkà náà, omi á sì rí ọ̀nà jáde.

Ṣákiṣàki tó jọ èèpo ọsàn ní tirẹ̀ túmọ̀ sí pé láíkà ti ń gbẹ kó tó ráyè tẹ́. Ẹ dúró jìnnà jù, tàbí láíkà ki jù. Ẹ mú ìbọn tí ẹ fi ń wọ́n láíkà súnmọ́ ọn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ là á sí i, kí ọwọ́ yín máa rìn láti ìta gìtá wọlé, kó sì jáde sí òdìkejì kí ẹ tó dá a dúró. Ẹni tó bá dúró lójú kan lórí igi, láíkà á ṣàn.

Iṣẹ́ ọ̀dà tó dára ti parí ní ìdajì kí ẹ tó ṣí agolo. Sáńpépà 120, lẹ́yìn náà 180, lẹ́yìn náà 220, ní ọ̀nà tí iṣan igi gbà lọ. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, iṣan kéékèèké á dìde. Ẹ tún fi 220 lọ̀ ọ́. Igi tí ihò wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀, bíi mahogany, kí ẹ fi èròjà ìdíhò kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ láíkà á máa wọlé fún oṣù mélòó kan. Ó wá kan síílà (ọ̀dà ìdíjú igi), ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ fi 320 lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà láíkà, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ pẹ̀lú wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wọn, títí á fi pé mẹ́jọ sí mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e kọ́, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ kò lè ṣe èyí. Láíkà tí ọwọ́ rò pé ó gbẹ ṣì ń súnkì lábẹ́. Bí ẹ bá dán an lónìí, ìlà igi á tún yọ lójú rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ gbé imú sún mọ́ ọn: bó bá ṣì ń rùn, kò tíì gbẹ. Bó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà olómi 1000, 1500 àti 2000 lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ nínú omi. Ẹ má tẹ etí gìtá, ibẹ̀ ni láíkà ti fẹ́lẹ́ jù, ẹ ó sì rí igi kí ẹ tó mọ̀. Omi kò gbọ́dọ̀ wọ ihò sùkúrù. Igi á wú, láíkà á là yí i ká.

Láíkà kò gbọ́dọ̀ gun orí ọ̀dà olóròóró, á kó o jọ ni. Òde ni kí ẹ ti wọ́n ọn, jìnnà sí iná, pẹ̀lú ìbòmú tó ń sẹ́ èéfín kẹ́míkà. Aṣọ lásán kò tó. Ọ̀dà oní-agolo-méjì tó ní kẹ́míkà olóró isocyanate, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ní yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wíwọ́n ọ̀dà àti afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi páìpù mí.

Ìbéèrè: Epo tung ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó rọrùn.

Ìdáhùn: Epo tí wọ́n ń fún láti inú èso igi tung ni. Ó rọrùn ní tòótọ́, àwa náà sì fẹ́ràn rẹ̀ lára ọrùn, torí ọwọ́ kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi aṣọ pa á, ẹ nu èyí tó kù lójú igi kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún. Aṣọ tí ẹ fi pa á ni kí ẹ ṣọ́. Bí ẹ bá ká a jọ sínú garawa, epo náà á máa gbóná bó ṣe ń gbẹ, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní òde títí á fi gan, tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Ìbéèrè: Mo ti parí gìtá mi, ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n okùn ń gbọ̀n mọ́ fírẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n kàn gbé sádù sókè?

Ìdáhùn: Kó má jẹ́ ibẹ̀ lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù ní fírẹ́ẹ̀tì kìíní àti èyí tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ wo àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì keje. Ó yẹ kó tó 0.2 sí 0.25 mìlímítà. Bí kò bá sí àlàfo rárá, ọrùn ti le sẹ́yìn jù: ẹ dẹ irin inú rẹ̀ pẹ̀lú ìdámẹ́rin yíyí kan, ẹ tún fa okùn dé ohùn rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá wo gíga okùn lórí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá. Mìlímítà 2 fún èyí tó nípọn jù àti 1.6 fún èyí tó tín-ín-rín jù dára láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti ń gbọ̀n máa sọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá jẹ́ nígbà tí ẹ kò tẹ okùn nìkan, ojú nọ́ọ̀tì ti jìn jù. Bó bá jẹ́ láti ìkíní dé ìkarùn-ún, ọrùn ló le jù. Bó bá jẹ́ ní ojú kan ṣoṣo, fírẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀lé e ló ga. Ẹ gbé irin kékeré títọ́ kan lé orí fírẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Bó bá ń mì síwá-sẹ́yìn, ti àárín ló yọ. Ẹ fi òòlù oníke lù ú mọ́lẹ̀. Bó bá tún dìde, ẹ kán súpá gúlù tó ṣàn dáadáa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi kíláàmpù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi mú.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ni kò dọ́gba, ẹ tú okùn, ẹ yí irin títí ọrùn á fi tọ́ gbọọrọ, ẹ fi téèpù bo pákó ìka, kí ẹ fi máká kun orí gbogbo fírẹ́ẹ̀tì. Ẹ lẹ sáńpépà 400 mọ́ irin gígùn pẹlẹbẹ, ẹ fà á lọ fà á bọ̀ láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dáwọ́ dúró nígbà tí máká bá kúrò lórí gbogbo wọn. Orí tó ti wá tẹ́ pẹrẹsẹ yẹn kò gbọ́dọ̀ wà bẹ́ẹ̀, ohùn á tún yà. Ẹ fi fáìlì fírẹ́ẹ̀tì yí i roboto títí ìlà máká tín-ín-rín kan á fi kù láàárín, kí ẹ wá fi 600 dé 2000 dán an.